Ọdún Tí Etí Òsì Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú òpin ọdún o. Mo jókòó láti ìrọ̀lẹ́ àná kí n kọ ohun tí mo fi ọdún yìí ṣe bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí, ohun tó wà níbẹ̀ láti oṣù kẹta lọ ni: etí òsì, etí òsì, dírípù, etí òsì. Oṣù kìíní àti ìkejì ńkọ́? Mi ò rántí nǹkan kan. Ó jọ pé mo ra bàtà. Iṣẹ́ wà, mo ṣe é, wọn ò lé mi, ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Ìyálóde, ológbò mi. Ó ti pé ọdún 14 báyìí, kíndìnrín ẹ̀ ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣàìsàn, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń fún un lómi lábẹ́ awọ, Táyé á dì í mú, èmi á gún un lábẹ́rẹ́ láàárín èjìká, òun á sì máa wò wá bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ gbèsè. A ti mọ ìyẹn ṣe, mo tiẹ̀ ti ń fi ṣakọ. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí.

Mo wo inú etí òsì, mo rí nǹkan dúdú kan báyìí, ó ń rùn bíi bàtà tí òjò pa, mo ní kòkòrò etí nìyí. Ta ló yàn mí ṣe dókítà? Mo mú igi olówùú tá a fi ń nu etí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń tọ́ ọ, tí mò ń yin ara mi. Ihò etí ológbò, bẹ́ ẹ ò bá mọ̀, kì í ṣe ọ̀nà tààrà o, ó máa sọ̀kalẹ̀ ná, á wá ṣẹ́ kọ́nà bí ìgbọ̀nwọ́, torí náà gbogbo ohun tí mo rò pé mò ń kó jáde, ṣe ni mò ń kì í wọ kọ̀rọ̀. Dókítà ẹranko tí mo wá gbé e lọ bá ò tiẹ̀ bú mi. Ó wo igi yẹn, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ìyálóde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó fi òwú gba díẹ̀ nínú ìdọ̀tí yẹn, ó gbé e sábẹ́ máíkrósíkóòpù. Kò sí kòkòrò kankan. Yíìsì àti bakitéríà ló kún ibẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹ fún wa lóògùn ká máa lọ. Ó ní rárá, òun ò tíì rí ìlù etí, ìdọ̀tí bò ó. Tí ìlù bá ti lu, tá a wá kán oògùn bíi gentamicin sí i, ó lè wọnú lọ ba ìgbọ́ràn àti ìdúró rẹ̀ jẹ́, irú oògùn yẹn ò sì tún dáa fún kíndìnrín. Oògùn ìrora gan-an, òun ò lè kàn fún un bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọwọ́ mi tutù. Torí pé oògùn etí kan wà nílé tó ṣẹ́kù lára ti ajá ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti mú un dání lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ṣí ìdérí. Ohun tó dá mi dúró ni Dúdú. Ẹ mọ ìtàn Dúdú, ológbò tí mo ní tẹ́lẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Oògùn eégbọn ajá ni mo fi sí i lára, permethrin tó jẹ́ májèlé fún ológbò wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn páálí pé kò gbọdọ̀ kan ológbò, èmi alákọ̀wé ò ka ẹ̀yìn páálí. Ó tó. Ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, èmi ti ń sá fún okùn bàtà báyìí, mo máa ń ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n fà á lómi dáadáa, kí wọ́n tó gbà láti kùn ún lóorun kí wọ́n lè fọ etí yẹn. Ìlù ti lu lóòótọ́. Omi sálàìnì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ nìkan ni wọ́n fi fọ̀ ọ́.

A gbé e délé, ó jí, orí ẹ̀ ti ṣẹ́ sápá òsì, awọ funfun kan yọ bo ìdajì ojú òsì, ẹyinjú ẹ̀ fún pọ̀, ó ń yí po lójú kan, ó ń forí sọ ẹsẹ̀ àga. Dúdú náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀ kó tó… Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀. Táyé ní ìgbà tí mo jáde imú mi ti tó bọ́ọ̀lù, pé ká fi ta á.

Dókítà ní ká fọkàn balẹ̀, pé iṣan kan tó ń lọ sójú ológbò gba inú etí kọjá, tí wọ́n bá fọ ibẹ̀ ó lè bínú, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Ojú yẹn là lọ́sẹ̀ karùn-ún. Orí ò tíì tọ́ tán títí di òní, gbogbo ohun téèyàn bá sọ ló máa ń dà bíi pé kò gbà á gbọ́.

Oògùn tí wọ́n wá fún wa, tí kò ní gentamicin nínú, agogo mẹ́jọ àárọ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́. Mo máa ń fi ìgò ẹ̀ sábíyá kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ná, torí tútù nínú etí máa ń kọ́ ológbò lóòyì. Táyé á wé e sínú táwẹ̀lì bí ọmọ tuntun, mo kán an, mo rọra fi ìka ra ìdí etí títí tó fi ń dún ṣọ̀ṣọ̀ṣọ̀, lẹ́yìn náà á gbọnrí, gbogbo ẹ̀ á ta sí mi lẹ́nu. Mo ti mọ adùn ẹ̀. Kò dùn.

Lóṣù tó kọjá, Dókítà ní ìlù ti dí padà. Mo fò sókè. Ọjọ́ yẹn náà ni èsì ẹ̀jẹ̀ dé, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ dànù, ti gòkè, Ìyálóde fúnra ẹ̀ sì ti rù láti kílò 3.9 sí 3.4. Etí sàn, kíndìnrín ò kí í kú oríire. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kíndìnrín kì í padà sẹ́yìn, ẹ má dá mi lóhùn.

Táyé, o ṣé, ojú àpá ọwọ́ rẹ á jinná. Dókítà, ẹ ṣé. Ẹ̀yin tẹ́ ò bú mi nígbà ti Dúdú, ẹ ṣé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bú mi náà, ẹ̀ẹ́ kà á pé mo ń ka ẹ̀yìn páálí. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí Ìyálóde rí oṣù kẹta. Tó bá rí i, màá tún tọrọ oṣù kẹfà, ẹ mọ̀ mí, mi ò nítìjú.

Mi ò tíì pa àláàmù agogo mẹ́jọ yẹn o. Ó dún bí mo ṣe ń kọ èyí. Etí òsì ló kọ́kọ́ yí, ó gbéra pé òun ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ sápá kan, ó ṣubú lu ṣílípáàsì mi, ó wá wò mí bíi pé èmi ni mo tì í.