Àwọn Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Àbújá Nígbà Kérésì

Tó bá ti di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kejìlá báyìí, ẹ kàn lọ sí àwọn gáréèjì tó wà ní Jabi àti Utako, ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ. Èrò rẹpẹtẹ, àpò ìrẹsì lórí ọkọ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, bàbá kan ń bá awakọ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ẹrù, gbogbo ayé ń lọ sílé. Ọ̀nà Nyanya tó máa ń há èèyàn mọ́nú ọkọ̀ láàárọ̀ á wá dá páropáro. Ìdí ẹ̀ ò pamọ́, ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò l'Ékòó wá síbí, àwọn Gbagyi, Koro àtàwọn yòókù tó nilẹ̀ ló wà nílé, àwa tó kù, ilé wa wà n'Ìbàdàn, n'Ílọrin, l'Ákùúrẹ́, ní Kàbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń lọ o. Àwọn tó dúró yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí ó máa ń dùn mí tí gbogbo ọ̀rọ̀ Kérésì bá ti di ti àwọn tó rìnrìn àjò, kí Ọlọ́run mú yín lọ re kó mú yín bọ̀ re, àmín, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló wá ń ṣọ́ géètì? Ta ló wà ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ 24? Àwọn míì tiẹ̀ wà tó wù wọ́n kí wọ́n lọ, owó ni ò ká a. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 lowó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè, December á tún wá fi kún un. December ọdún yẹn náà ìjọba àpapọ̀ ní ká san ìdajì owó ọkọ̀, kí rélùwéè sì jẹ́ ọ̀fẹ́, láti ọjọ́ 21 títí di 4 January. Inú wa dùn sí i lóòótọ́, àmọ́ rélùwéè tó ń gbéra ní Idu, Kàdúná ló ń lọ, èyí tó wà nílé lọ́hùn-ún, Èkó sí Ìbàdàn ni, kò sí èyí tó máa gbé ọmọ Yorùbá láti Àbújá délé tààrà. Ojú títì náà la máa gbà, Gwagwalada, Abaji, Lọ́kọ́jà, Kàbà. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, lọ àti bọ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bàbá ilé á wá sọ fáwọn ará ilé lórí fóònù pé iṣẹ́ ló dá òun dúró.

Ẹ wo mẹ́gàádì àdúgbò wa níbí ní Kubwa. Ọmọ Katsina ni, ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọyẹ́ Òkè Ọya kì í ṣe ọyẹ́ ilé wa o, ètè á bẹ́, imú á gbẹ, géètì irin á tutù débi pé tó o bá fọwọ́ kàn án láàárọ̀ wà á yọwọ́ kíá. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ ló máa ń fi nǹkan sí i lọ́wọ́, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, "Àbókì, máa fi ra tíì," wọ́n á gun ọkọ̀ lọ. Ó dáa, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó, gbogbo ilé ti wà ní títì, jẹnẹrétọ̀ ti wà ní pípa, iná tó wà nínú mítà ti tán, omi ti gbẹ nínú tánkì torí kò sẹ́ni tó máa tan pọ́ǹpù, ó wá ń ra omi lọ́wọ́ mẹruwà ní jẹ́ríkàn jẹ́ríkàn nínú owó tẹ́ ẹ ní kó fi ra tíì yẹn náà, fóònù ẹ̀ ti kú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íjẹ̀bú sì ń pè é, inú ń bí yín pé kò gbé e.

Tọkọtaya kan tó wà lójúlé kejì sí tiwa ló kọ́ mi lọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ra iná sí mítà, wọ́n fa wáyà kan jáde sí yàrá mẹ́gàádì kó lè máa fi cháàjì fóònù, wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń tan pọ́ǹpù hàn án, wọ́n gbé gáàsì kékeré kan sílẹ̀ fún un pẹ̀lú múdù ìrẹsì mélòó kan. Ìyàwó wá ra dátà sórí fóònù ẹ̀, ó ní kó máa fi pe ìyá ẹ̀ ní fídíò kí màmá rí ojú ẹ̀. Bí mẹ́gàádì ṣe ń sọ "Allah ya saka da alheri," ìyẹn kí Ọlọ́run fi oore san án, ló ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Owó náà wà níbẹ̀ o, wọ́n fún un lówó, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ jókòó rò ó pé báwo ni ọjọ́ ẹ̀ ṣe máa rí nígbà táwọn ò bá sí ńbẹ̀.

Ìyá àgbà kan tún wà ládùúgbò wa, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ ẹ̀ wà nílùú òyìnbó. Alẹ́ ọjọ́ 24, màmá yìí máa ń gbé kúlà lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe fáwọn aláìsàn, fáwọn nọ́ọ̀sì ni, fáwọn tó ń nulẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Mo bá wọn lọ lọ́dún tó kọjá. Màmá ti pe nọ́ọ̀sì àgbà ṣáájú, wọ́n ti bi í pé èèyàn mélòó ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ni kì í jẹ ata, ta ni àyà máa ń ta tó bá jẹ òróró lóru. Torí pé Mùsùlùmí wà nínú wọn, ọ̀dọ̀ alhaji kan lọ́jà ni wọ́n ti ra adìyẹ, òun ló pa á. Wọn ò gbé oúnjẹ kalẹ̀ nínú abọ́ ńlá kan kí kálukú máa bù, inú ike onídèérí ni wọ́n dì í sí, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, tíṣù, píọ́ wọ́tà, torí nọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ ráyè máa wá abọ́ fọ̀, ó lè di aago méjì òru kó tó rọ́wọ́ jẹun, lórí ìdúró, kí wọ́n tó tún pè é. Wọ́n kọ orúkọ sórí ike kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tó ń fọ ilẹ̀ gba tiẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Màmá, ta ló sọ orúkọ mi fún yín?" Màmá ní, "Mo bèèrè ni, ọmọ mi."

Ti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí mo mẹ́nu bà yìí, kì í ṣe nǹkan tuntun sí ọmọ Yorùbá, nínú ilé kan náà la ti ń jẹ ẹran Iléyá tá a ti ń jẹ ìrẹsì Kérésì. L'Ókè Ọya níbí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà ní Kàdúná lọ́dún 2000 nígbà rògbòdìyàn Ṣàríà, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kọlu ara wọn, mọ ohun tí mò ń sọ. Inú Kàdúná yẹn náà sì ni Pásítọ̀ Yohanna Buru wà, tó ti pẹ́ táwọn Mùsùlùmí ti ń wá bá a ṣe ìsìn Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ní Sabon Tasha, tóun náà máa ń kó oúnjẹ fún wọn lásìkò àwẹ̀ Ramadan. Ní àdúgbò tiwa, alhaji kan wà tó jẹ́ pé láàárọ̀ Kérésì á wọ babanríga, á kó àwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn, ilé dé ilé, "Barka da Kirsimeti." Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ 31 táwa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún àìsùn ọdún tuntun, á gbé àga jáde síwájú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òun àti mẹ́gàádì á jọ jókòó títí a ó fi dé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Mo ní láti sọ ti December 2024, torí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ 18, n'Ìbàdàn, ní Islamic High School ní Baṣọ̀run, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọdé 35 kú níbi àríyá tí wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe. Ọjọ́ 21, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Maitama l'Ábújá níbí, èèyàn mẹ́wàá kú bẹ́ẹ̀ náà láàárọ̀ kùtù, àwọn tó wá gba oúnjẹ, ọmọdé wà nínú wọn. Ọjọ́ kan náà, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ l'Ókija ní Anambra. Mo sunkún. Àwọn tó fẹ́ fúnni ò gbèrò ibi, ebi ló pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni mo ti gbà pé oúnjẹ ló yẹ kó máa wá èèyàn lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá ìjọ wa náà ṣe ń ṣe é báyìí. Wọ́n á dáwó, wọ́n á ra ìrẹsì, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní múdù méjì méjì sínú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìgò òróró kan, àwọn ọ̀dọ́ á wá gbé e lọ sójúlé nírọ̀lẹ́, láìsí bánà, láìsí fọ́tò. Ẹ máa bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ilé tó yẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ni wọ́n ti ń bèèrè. Ìyá alákàrà mọ ẹni tó máa ń ra ti igba náírà tẹ́lẹ̀ tí ò rà mọ́, ó mọ ẹni tó ń gba àwìn, ó mọ ìyá tó máa ń rán ọmọ wá tí ojú sì ń ti ọmọ náà. Ohùn wẹ́lẹ́ ló fi ń sọ fún wọn, kò sì ní sọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra iná sí mítà kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn. Tèmi ni pé mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún yìí: màmá tún ti pe nọ́ọ̀sì àgbà, àwọn tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní jọ̀lọ́ọ̀fù ti sú àwọn, àmàlà àti gbẹ̀gìrì làwọn fẹ́. Èlùbọ́ gidi la wá ń wá kiri báyìí, mo ti ní kí àbúrò mi wébíìlì ẹ̀ wá láti Ṣakí, màmá sì ti ń rẹ ẹ̀wà díẹ̀ wò láti mọ èyí tó yára bó.