Àyẹ̀wò Ọdún: Iṣẹ́ Ilẹ̀ Kí Dróònù Tó Gbéra

Ọdún ń parí lọ, ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, dróònù sì ti wọ àpótí. Nínú gbogbo fídíò tí a yà lọ́dún yìí, ti iṣẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ohun tí ọwọ́ ń ṣe kí dróònù tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀, ló wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Òun náà ló sì tètè ń bàjẹ́ jù.

Iná ló ń bà á jẹ́. Iná ìjọba ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù tó bá ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sábà máa ń gbé ṣọ́tà, ìyẹn iye àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí, sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, kò ní bá ti iná mu, ni ìlà dúdú bá ń rìn lójú fídíò. Ẹ yí i sí 25, kí ṣọ́tà wà ní 1/50 tàbí 1/100, ìlà yẹn á lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ tàn, ó lè má lọ, torí eré ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án ló dára jù.

Ìran bátìrì ò ṣe é yọ kúrò. Ẹ sún mọ́ ojú cháájà dáadáa kí nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di ọ̀kan) hàn: 4.2 fóòtì ni sẹ́ẹ̀lì LiPo, irú bátìrì tí dróònù ń lò, tó bá kún, 3.8 sí 3.85 ni èyí tí a fẹ́ tọ́jú. Bátìrì 1500 mAh (iye iná tó lè gbà nìyẹn), 1.5 áńpù ni kí ẹ fi cháàjì rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá wà ní 3.6 tí àwọn yòókù wà ní 3.8, tàbí tí ara bátìrì wú bí àkàrà, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má gbé e fò. Ẹ má sì fi èyí tó kún pamọ́ di ọ̀sẹ̀ kejì. Bó ṣe ń wú nìyẹn.

Abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé dróònù fò ńkọ́? Ẹ fi èékánná tọ etí rẹ̀ láti ìdí dé orí, kí iná wà lẹ́yìn rẹ̀ kí kámẹ́rà lè rí ibi tó ti sán. Sísán tí kò ju orí ìgbálẹ̀ lọ tó láti mú kí àwòrán òfurufú máa mì bí omi inú abọ́. Méjì ń yí sọ́tùn-ún, méjì ń yí sósì. Ẹni tó bá ṣì wọ́n dè, dróònù á dojú dé kó tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ń dán mọ́tò wò lórí tábìlì, ẹ kọ́kọ́ tú abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ìka ló ń gé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ sọ ọ́ kí mọ́tò tó dún. Ariwo rẹ̀ á bo ohùn mọ́lẹ̀, ó sì ṣòro láti yọ ọ́ kúrò dáadáa lẹ́yìn náà. Ẹ má padà lọ ya ìran tí ẹ gbàgbé lẹ́yìn tí dróònù ti balẹ̀: rìmóòtù á máa fi 30% hàn níbi tó yẹ kó jẹ́ 98%, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì rí i.

Ìwé àṣẹ dróònù láti ọwọ́ NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà) àti ti ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò), ẹ fi hàn, kí ẹ fi ọwọ́ bo nọ́ńbà.

Ó ku eruku ọyẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí mọ́tò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá máìkì: bó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, eruku ti wọlé. Ìran yẹn la máa kọ́kọ́ yà ní oṣù kìíní.