Kí La Fẹ́ Lọ Kọ fún Àwọn Ará Freetown?

Sátidé. Ọyẹ́ ṣì mú gan-an ní Ìlọrin. Láti Sábó-Òkè títí dé Post Office, eruku ni gbogbo wa ń jẹ. Ohùn àwọn sópránò ti há láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, omi gbígbóná àti oyin ni wọ́n ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ló dá rìhásà ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa dúró lónìí, àríyànjiyàn ni. Aago mẹ́rin la pè é, aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí a tó kọ ẹyọ orin kan já.

Ọ̀rọ̀ náà ò ju èyí lọ: kí la fẹ́ lọ kọ ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone tí à ń pè ní Sàró? Lẹ́yìn Àjíǹde ni ìrìn àjò wa, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Dékọ́nì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìrìn àjò kó ìwé orin dé, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ohùn mẹ́rin. Ó ní, "Àwọn Sàró ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tó máa yé wọn." Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn fẹ́ orin tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ń sọ ti fọ́tò tí wọ́n máa yà lábẹ́ Cotton Tree, igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú náà. Mo ní kí wọ́n lọ ka ìròyìn, ìjì ti wó igi yẹn ní oṣù karùn-ún 2023. Máéstrò, olùdarí orin wa, dákẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé inú ti ń bí i nìyẹn.

Inú àwọn kan ò tíì dùn sí Freetown rárá, ká sòótọ́. London ni wọ́n ń retí. Arábìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Ṣé Sàró náà lòkè òkun?" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Mo mọ ẹgbẹ́ akọrin kan, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n lọ kọrin ìyìn rere níbi tó jìnnà. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sẹ́ni tó lè kọ báàsì mọ́. Gbogbo wọn ti jápa. Irú ẹ̀ ló fà á tí ẹgbẹ́ akọrin tó bá lọ tọrọ físà fi máa ń rí ojú burúkú. Ti Sàró ò ní físà nínú. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa béèrè, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ò ní tún un gbà mọ́, láti 2016 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Lójú tèmi, àǹfààní ńlá ni. Kò sẹ́ni tó máa jápa lọ sí Freetown. Ẹni tó bá bá wa lọ, orin ló bá lọ.

Ohun tó ń jà lọ́kàn mi níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn áltò yàtọ̀ sí ti gbogbo wọn. A ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa la fẹ́ gbé nǹkan tuntun dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí. Ta ló kọ́kọ́ gbé e wá fún ta? Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822, Freetown ni wọ́n gbé e sí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀wé. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Kó tó di pé ó padà wá sí Abẹ́òkúta, ní oṣù kìíní 1844, ó ṣe ìsìn lédè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown. Freetown o! Abẹ́òkúta ò tíì ní irú ẹ̀, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Ìlọrin. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ló wá gbọ́ ọ, àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jókòó ti ìwàásù Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí ìyìn rere gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa la fẹ́ gbà padà, a wá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Mo dìde, mo sọ ọ́.

Mo sì sọ ti ohùn orin. Gbogbo akọrin Yorùbá ló mọ̀ pé orin òyìnbó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ wa wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ròkè, orin á wọ́ ọ wálẹ̀. Èyí tó yẹ kó wálẹ̀ á wà lókè téńté. A ti kọ ọ́ títí ó ti mọ́ wa lára, ọkàn wa ló ń bá wa tún un ṣe. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ kígbe sí i ní Èkó àti Abẹ́òkúta ló bẹ̀rẹ̀ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ. T. K. E. Phillips tó tẹ dùùrù ní Katidírà Christ Church l'Ékòó láti 1914 títí di 1962 ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, ti ṣáájú rẹ̀. Orin ni àlùfáà yẹn fi ń kó èrò jọ kó tó wàásù. Ní 1922 ó wà ní London, ó ń kọ orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Mo bi Dékọ́nì pé ṣé àwọn òyìnbó tó gba ohùn náà sílẹ̀ gbọ́ Yorùbá ni? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yàtọ̀, sà? Ó ní kí n jókòó.

Mo jókòó. Àgbà ni.

Bàbá onígángan wa ò dá sí gbogbo rẹ̀. Ará Òmù-Àrán ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n gbé ìlù sórí itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ awọ, wọ́n ń yẹ ọṣán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ ti mú awọ le, ó ń dún bí agolo. Wọ́n rí ọṣán kan tó fẹ́ já, wọ́n tú u, wọ́n fi itọ́ rin ín, wọ́n fi eyín fà á, wọ́n tún un so. Wọ́n wá rọra bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ wà ní òdìkejì omi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lungi ni ọkọ̀ máa balẹ̀ sí, ọkọ̀ ojú omi la sì máa wọ̀ kọjá ẹnu odò kí a tó dé Freetown, àfi ẹni tó bá fẹ́ gba títì yí po láti apá Port Loko. Bàbá mi orí. "Afẹ́fẹ́ òkun á dé ara awọ nìyẹn. Á dẹ̀." Wọn ò bẹ̀rù omi fún ara wọn, ìlù ni wọ́n ń bẹ̀rù fún. Wọ́n ní kò ní wọ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, orí itan àwọn ló máa wà láti Ìlọrin dé Èkó, láti Èkó dé Sàró.

Owó ọkọ̀ Bàbá ò sì tíì pé! Èyí ló ń dùn mí jù. Aṣọ ẹgbẹ́ oríṣi mẹ́ta la ti san owó rẹ̀, ọ̀kan fún ìsìn, ọ̀kan fún òde, ọ̀kan fún kí ni mi ò mọ̀. Ta ló fẹ́ ka aṣọ wa? Ẹ dín aṣọ kù, kí onílù lè lọ. Mo máa sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, tí Dékọ́nì bá ti gbàgbé tòní.

Alhaja tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà dá owó sí ìrìn àjò yìí. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, Ìlọrin la wà. Lọ́sàn-án òní, kí n tó lọ sí rìhásà, wọ́n pè mí wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Ìbejì, àwọn Mùsùlùmí wà níbi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn?" Mo ní wọ́n wà, àwọn ló tiẹ̀ pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà. Mo sọ ìtàn àwọn Aku ti Fourah Bay àti Foulah Town, àdúgbò méjì ní Freetown, fún wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi ti Crowther, ṣùgbọ́n tí wọn ò fi Ìsìláàmù sílẹ̀ títí dòní. Alhaja fi ọwọ́ lérí. "Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ará ilé wọn wà n'Ílọrin." Wọ́n tún fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, wọ́n ní kí n fi ra omi mu lọ́nà.

Máéstrò ló parí ẹjọ́. Ó ní kí Bàbá gbé orin kan tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, orin lílé àti ègbè. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé. Báàsì wá ibi tí yóò dúró sí fúnra rẹ̀, áltò náà ríbi tirẹ̀. Bírìkìlà tó ń ṣàtúnṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í ṣe ara wa, tí mi ò tiẹ̀ mọ èdè tó ń sọ nílé, ti mú ègbè nígbà kejì. Máéstrò na ìka síta lójú fèrèsé, ó wo Dékọ́nì, kò sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fẹnu kò sí: orin Gẹ̀ẹ́sì méjì, ìyókù Yorùbá, kí ègbè wọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè gbà á lẹ́nu wa. Dékọ́nì ní kí ẹnì kan máa sọ ohun tí orin dá lé lórí kí a tó gbé e. Ó tọ́, mo gbà. Èmi náà ní kí ètò fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àgbà ibẹ̀ láti kọrin tiwọn fún wa, kó má lọ jẹ́ pé àwa nìkan la máa dúró kọrin tí wọ́n á jókòó wò wá. Ìyẹn ò gba àtakò. A ó sì kọ́ orin méjì lédè Krio, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdé la ó tún pàdé. Ohùn orin Krio náà ti wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Nínú gbogbo tẹ́nọ̀, ẹnì kan péré ló tíì tẹ̀ ẹ́ gbọ́, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Máéstrò náà ti yẹ̀ ẹ́ wò.