AI àti àtọ̀gbẹ: ẹ kọ́kọ́ yẹ dátà yín wò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lo AI fún àtọ̀gbẹ ló máa ń wá áàpù tó gbọ́n jù. Ní tèmi, nọ́ńbà tó ń wọ inú áàpù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. AI kì í sábà mọ̀ pé nọ́ńbà kan ò dáa. Á gbà á, á ṣírò rẹ̀, á sì fi ìgboyà gbà yín nímọ̀ràn lé e lórí.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gún ìka. Ìlànà ISO 15197 ti ọdún 2013, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún irú ẹ̀rọ yìí, gbà kí èsì rẹ̀ fi 15 mg/dL (òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) yàtọ̀ sí ti ilé àyẹ̀wò bí ṣúgà kò bá tó 100. Bó bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀. Nítorí náà, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 200 gangan, ẹ̀rọ tó dára lè kọ 170, ó sì lè kọ 230. Bí àná bá jẹ́ 182 tí òní jẹ́ 195, kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, bí áàpù tiẹ̀ ń pariwo. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí bí oje èso bá kù lórí ìka, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo aago inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Aago tó fi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ á sọ ṣúgà ìdájí di ti ọ̀sán.

Ẹni tí kò ní sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń wọn ṣúgà fúnra rẹ̀) lára náà lè rí nǹkan gidi gbà lọ́wọ́ AI. Ẹ gún ìka lẹ́ẹ̀méje lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta: kẹ́ ẹ tó jẹ oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Nọ́ńbà 21 yìí wúlò ju ti odindi oṣù kan tó jẹ́ kìkì ti àárọ̀ kí ẹnu tó kan nǹkan, torí ti àárọ̀ nìkan kì í sọ oúnjẹ tó ń gbé ṣúgà sókè. Bí ìlà kan ṣe máa rí rèé: "7:10, 128, búrẹ́dì gíráàmù 60, ẹyin 1, oògùn 7:00, kò rìn, 9:10, 214." Ṣúgà fi 86 gbéra. Tí ẹ bá fẹ́ kó o fún AI, ẹ má bi í pé kí lẹ máa ṣe. Ẹ ní kó to oúnjẹ láti orí èyí tó gbé ṣúgà ga jù, kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn, kó sì tọ́ka sí ìlà tí kò bá pé. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣírò ìlà méjì, torí ó lè ṣi ìyọkúrò tí ọmọ ilé ìwé mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bóyá mg/dL ni tàbí mmol/L. 7 mmol/L jẹ́ 126 mg/dL, 18 lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ yọ orúkọ yín àti nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn kúrò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ti sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá yàtọ̀. Èyí tó ń kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún máa kó nọ́ńbà 288 jọ lójúmọ́. Àmọ́ omi abẹ́ awọ ló ń wọ̀n, ó sì máa ń fi bí ìṣẹ́jú 5 sí 15 gbẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì jẹ ṣúgà gíráàmù 15, ìka ni kẹ́ ẹ gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Sẹ́ńsọ̀ ṣì lè máa ké nígbà yẹn, ẹni tó bá sì torí igbe rẹ̀ jẹ òmíràn lè bá ara rẹ̀ lókè 250 láìpẹ́.

Èyí tó máa ń tan AI jẹ jù ni ti òru. Bí èèyàn bá sùn lé apá tí sẹ́ńsọ̀ wà, ibẹ̀ á tẹ̀, ìlà orí fóònù á wá já bọ́ bí òkúta, láti 110 sí 55, á sì padà sókè tó bá yí ẹ̀gbẹ́. Ṣúgà kò lọ sílẹ̀ rárá. Áàpù á ka èyí mọ́ ìgbà tí ṣúgà lọ sílẹ̀, ó sì lè dábàá pé kẹ́ ẹ dín ínsúlíìnì alẹ́ kù, ni ṣúgà àárọ̀ á bá máa ga láìnídìí. Bí ìlà bá já lójijì tó sì padà fúnra rẹ̀ láìjẹ nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Tó bá jí yín, ẹ gún ìka kẹ́ ẹ tó gbà pé irọ́ ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun kì í sábà péye, bẹ́ẹ̀ ni paracetamol tàbí fítámínì C púpọ̀ máa ń da àwọn kan rú. Ìwé inú páálí rẹ̀ á sọ èyí tó kan tiyín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìròyìn sẹ́ńsọ̀, ọjọ́ 14 ni kẹ́ ẹ lò, kí dátà sì tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ohun tí wọ́n ń fojú sùn ni kí ṣúgà wà láàárín 70 sí 180 fún ohun tó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ, kó má tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ 70, kó má sì tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ 54. Èyí tó wà lábẹ́ 70 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àròpín nìkan kò ṣeé gbára lé: 60 àti 240, àròpín wọn jẹ́ 150, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, HbA1c rẹ̀ (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn) lè ṣini lọ́nà. Kó jẹ́ kí dókítà mọ̀.

Pọ́ǹpù tó ń fún ara ní ínsúlíìnì fúnra rẹ̀ ti wà látìgbà tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí MiniMed 670G ní 2016. Ohun tí kò sábà tètè mọ̀ ni pé rọ́bà abẹ́ awọ tí ínsúlíìnì ń gbà wọlé ti dí tàbí ti yọ. Ó lè kọ ọ́ pé òun ti fún yín, kó má sì sí ohun tó wọlé. Bí ṣúgà bá kọjá 250 tí kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ yẹ ketone (èròjà tí ara ń tú jáde bí ínsúlíìnì kò bá tó) wò, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba ínsúlíìnì bí dókítà yín ṣe là á sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà náà.

Áàpù tó ń fi fọ́tò oúnjẹ ṣírò carb (èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà) ni mi ò fara mọ́. Kámẹ́rà kò rí ìsàlẹ̀ àwo, kò sì rí ṣúgà inú ọbẹ̀. Bó bá fi carb gíráàmù 30 ṣìnà, tí ẹyọ ínsúlíìnì 1 sì wà fún gíráàmù 10, ẹyọ 3 ló fi ṣìnà yẹn. Fún ẹni tí ẹyọ kan ń fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ní 40, 120 nìyẹn. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìdáná.

AI tí mo gbà pé ó dá mi lójú jù nínú ọ̀ràn yìí kò tiẹ̀ kan ṣúgà: ó ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú bóyá àtọ̀gbẹ ti bà á jẹ́. Ní 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí IDx-DR, tó ń ya fọ́tò ojú méjèèjì, tó sì ń sọ bóyá kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ojú, láìsí dókítà ojú níbẹ̀. Bí fọ́tò kò bá mọ́ tó, ó máa sọ pé òun ò lè kà á.