Ẹ Wo Ibi Tí Atẹ́gùn Ń Fẹ́ Sí Kí Ẹ Tó Sáré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí, tí ẹ fẹ́ lọ ṣe paramédíkì, ẹni tó ń fún ẹni tó ṣèṣe ní ìtọ́jú pàjáwìrì, nílé iṣẹ́ ńlá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣojú mi lóṣù àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọṣẹ á rò pé ibi mímọ́ ni. Kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà ọṣẹ tó máa ń bó ara, wà níbẹ̀, ásíìdì wà níbẹ̀, bọ́ílà ń hó tọ̀sán-tòru, lẹ́yìnkùlé sì ni kòtò tí gbogbo omi ìdọ̀tí ń ṣàn lọ.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kòtò yẹn ló dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi ṣubú. Ẹnì kejì rẹ̀ figbe ta, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gbé báàgì, eré ni mo bá débẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàsọ̀ nígbà tí bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú látẹ̀yìn, ó fà mí débi tí bọ́tìnnì méjì fi já. Ó ní, "Dókítà, ẹni mélòó lẹ fẹ́ ká wá gbé níbẹ̀?" Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n bú bàbá náà. (Dókítà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mi ò kì í ṣe dókítà. Mo sọ ọ́ títí, ó sú mi.)

Hydrogen sulphide ló wà nínú kòtò náà, gáàsì tó máa ń jáde lára ìdọ̀tí tó ti jẹrà. Bó bá kéré, á máa rùn bí ẹyin ọ̀bu. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan, imú ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì rò pé ó ti lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lúgọ sí. Lọ́dún 1986, NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ewu ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú 100 èèyàn tó ń kú sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 tó jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ lọ yọ. Èmi náà ì bá kún wọn, tèmi ti báàgì mi.

Àwọn tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ló wọlé, wọ́n sì fi okùn fà á jáde. Ó yè. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àmọ́ títí dòní, orúkọ àwọn èèyàn máa ń fò ó lórí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí sáírìnì bá dún, ìdúró ni mo kọ́kọ́ máa ń dúró. Àpò aláwọ̀ ọsàn kan wà tí wọ́n so mọ́ orí òpó gíga, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sínú rẹ̀. Òun ni mo máa ń wò, kí n lè mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí n sì gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè pé kí ló jò. Àwọn èèyàn á máa wò yín bí ọ̀dájú, wọ́n á ní "kí lẹ ń wòran sí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Kílíníìkì mi tutù, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, àga tó ń yí sì wà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ paramédíkì lọ́wọ́. Ẹ máa rìn. Ìrìn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé omi inú páìpù ṣáwà pàjáwìrì wa, ibi tí a ti ń fi omi ṣan kẹ́míkà kúrò lára ẹni, tó ń tinú táǹkì orí òrùlé bọ̀, máa ń gbóná lọ́wọ́ aago méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ó lè bó ẹni tí kọ́sítíìkì ti ń bó lọ́wọ́. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni, mo sì yára fà á jáde. Odidi oṣù kan ni mo fi ń kọ lẹ́tà kí wọ́n tó ta òrùlé bo páìpù náà. Níbi ṣáwà yẹn náà ni mo gbé ìró àǹkárá méjì kọ́, nítorí ọkùnrin tí kọ́sítíìkì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin ò ní bọ́ ọ lójú àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ. Á máa fọwọ́ di bẹ́líìtì mú, itan rẹ̀ á sì máa jóná lábẹ́ ibẹ̀. Ìró yẹn ti wúlò ju ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú báàgì mi lọ.

Ẹ ó bá epo pupa pàdé. Bí kọ́sítíìkì bá ta sí wọn lára, epo ni wọ́n ń sáré wá. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, "Kí ni sódà ń sọ epo dà nínú ìkòkò wa?" Wọ́n á ní ọṣẹ. Mo á ní, "Ọ̀rá ara yín náà ló ń sọ di ọṣẹ yẹn, omi nìkan ló lè lé e." Ó máa ń wọ̀ wọ́n létí ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì lọ. Omi tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì fi aago wò ó, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó ogún lójú ẹni tó ń jẹ̀rora. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ má dá omi dúró títí ìwé lítímọ́ọ̀sì, ìwé tó ń fi àwọ̀ sọ bóyá kẹ́míkà ṣì wà níbẹ̀, á fi sọ pé ó tó. Ẹ má fi ọtí kíkan pa á, ooru tó máa jáde níbẹ̀ á tún dá ọgbẹ́ mìíì. Ní ti mílíìkì tí wọ́n máa ń rọ sí ẹni tó fa gáàsì lẹ́nu, ọ̀nà ikùn ni mílíìkì mọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì wà.

Ẹ má sì gbára lé ẹ̀rọ jù. Ọlọ́dẹ méjì sùn sílé jẹnẹrétọ̀ lóru nítorí òjò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń bì. Mo ki ìka wọn bọ ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: 98 nínú 100, bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹlòmíì á ní ibà ni, á sì fún wọn lóògùn ibà. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó gbé carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀. Ibi tí wọ́n sùn ni mo béèrè. Bí wọ́n bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò lẹ́jẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ́síjìn gidi sí wọn nímú, kò ju bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lọ.

Gbogbo kẹ́míkà ló ní ìwé tó ń bá a rìn, abala 16 ló sì ní. Abala kẹrin ni ti ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn, mo tò wọ́n sínú fáìlì kan, ẹni tí a bá sì gbé lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀dà kan á bá a lọ. Ní Bhopal, ní Íńdíà, lóṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì olóró jò nílé iṣẹ́ kan, èèyàn rọ́ lọ sílé ìwòsàn lóru, àwọn dókítà ò sì mọ gáàsì tí wọ́n ń bá jà dáadáa.

Àwọn kásúà, òṣìṣẹ́ tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ pátápátá, máa ń fi ọgbẹ́ pamọ́. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ṣèṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró, n ò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ẹ kọ orúkọ wọn sí rẹ́jísítà lọ́jọ́ náà gan-an, kódà kó jẹ́ ìka ló gé wọn. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó ṣèṣe fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí kò sí nínú ìwé ò ní ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá pè yín wá dáhùn ìbéèrè iṣẹ́, tí wọ́n sì ní ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bi àwọn, ẹ bi wọ́n pé ta ni kọ́kọ́rọ́ ańbúláǹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì òru. Tiwa, dírẹ́bà ló máa ń mú un lọ sílé. Alẹ́ ọjọ́ kan la tó mọ̀, orí fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, la sì gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá dé ẹnu géètì.