Dòdò Ìkirè lójú fèrèsé mọ́tò

Òórùn epo gbígbóná kan fẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, ni mo bá bá ara mi ní Ìkirè, ọdún 1986, nínú Peugeot 504 Bàámi.

Bí Bàámi bá ti tẹ bíréèkì báyìí, àwọn ìyá á ti yí wa ká pẹ̀lú àtẹ dòdò lórí. A kì í sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ojú fèrèsé la ti ń rà á, inú mọ́tò la ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n àpọ́njù, wọ́n á pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á fi epo pupa dín in títí á fi dúdú kirikiri. Tí mo bá tú ewé rẹ̀ báyìí, epo á ṣàn dé ìgúnpá mi. Màámi á ní, "Má fi nu àga o!"

Ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí báyìí. Mo ṣì ń rà á, àmọ́ àárò ewé yẹn ń sọ mí gan-an.