Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná lábẹ́ síìtì

Èrúwà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe bátìrì ọ̀kadà mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó sọ ìyókù, nítorí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ bí fèrè rẹ̀ ṣe ń dún ti ń sọ fún mi pé kí n lọ ra bátìrì tuntun. Àwọn kan ní rẹ́tífáyà ló kú, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tún iná tó ti ẹ́ńjìnnì wá ṣe kó tó wọ bátìrì. Ọ̀gá kan ní páàkì ní kọ́ìlì ló jóná, ìyẹn wáyà wíwé inú ẹ́ńjìnnì tó ń pèsè iná, pé kí n tètè máa tọ́jú owó. Àṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà kan ni, ike kékeré tí wáyà méjì ti ń so pọ̀, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó wà lábẹ́ síìtì níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Ká ní mo gba ìmọ̀ràn wọn ni, ǹ bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá.

Lánlátẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, Èrúwà níbí ni mo sì ń gbé. Bí mo bá dá àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ WAEC dúró fún lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó máa bọ̀. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i pé iná iwájú ń pọ́n, kò mọ́lẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti kó sínú gálọ́ọ̀pù, iná á tàn yòò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún padà rẹ̀ sílẹ̀. Sítátà ò ṣiṣẹ́ mọ́, tá-tá lásán ló ń dún. Kíìkì nìkan ni mo fi ń ta á, ó sì ń jí wẹ́rẹ́.

Gálọ́ọ̀pù yẹn ló ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Bátìrì tó bá ti kú kì í jí nítorí pé ọ̀kadà fò. Nǹkan tí gbígbọ̀n ara ọ̀kadà bá lè tún ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nǹkan tó ń kan ara wọn tí kò kan ara wọn dáadáa ni.

Lẹ́yìn tí a jáde nílé ẹ̀kọ́ lónìí, mo gba ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà lọ. Àgbà ni wọ́n jẹ́ sí mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wọ́n jókòó sórí àpótí, ọmọ iṣẹ́ wọn ń hó ara wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá."

"Òo, Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ògún á gbè wá o. Ṣé ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn náà ni?"

Mo ní ọ̀rọ̀ iná ni o, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bátìrì ni, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ ká fi mítà tó ń wọn iná wò ó ká tó sọ pé nǹkan báyìí ló kú. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ọmọ wọn lọ gbé mítà wá.

A wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́: fóltì 12.4. Ìyẹn ò burú. A ta kíìkì, a tan iná iwájú, mo fún un ní epo díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré: 12.2. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn. Bí iná bá ń wọ bátìrì bó ṣe yẹ, ó yẹ kí mítà gòkè dé bíi 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Tiwa ń lọ sílẹ̀ ni. Bátìrì nìkan ló ń bọ́ gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó ń bọ́ òun. Bí mo bá ra tuntun sí i, ìyà kan náà ni èyíinì náà máa jẹ.

Bọ̀ọ̀dá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé síìtì, wọ́n tọ wáyà yẹ́lò mẹ́ta tó ń ti ara kọ́ìlì bọ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti bá ti rẹ́tífáyà pàdé. Kí a tó rí i ni a ti gbọ́ òórùn ike tó jóná. Funfun ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, apá kan rẹ̀ ti pọ́n, igun kan ti dúdú, akọ àti abo rẹ̀, ìdajì tó ń wọlé àti èyí tó ń gbà á, ti yọ́ mọ́ ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fà á já. Bọ̀ọ̀dá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ki ṣúkúrúdíráfà kékeré bọ abẹ́ ahọ́n ike náà, wọ́n gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mì í lọ mì í bọ̀ títí akọ fi yọ kúrò nínú abo.

Eyín mẹ́ta ló wà nínú akọ. Méjì ń dán. Ẹ̀kẹta dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, nǹkan aláwọ̀ ewé kan bí ìyẹ̀fun sì ti dì sí ìdí rẹ̀ níbi tó ti di wáyà mú. Èèpo ara wáyà yẹn ti gan, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Bọ̀ọ̀dá ò tíì dẹ́bi fún un o. Wọ́n ní kí n ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì fi mítà wọn ìhà tó ti ara kọ́ìlì wá, wáyà kìíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, ìkẹta sí ìkíní. Iye kan náà ni mítà ń kà ní gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń gòkè bí mo ṣe ń fún un ní epo. Bí kọ́ìlì bá jóná, ọ̀kan nínú wọn á já sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kọ́ìlì mi yè. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ẹlòmíràn á ti rí dúdú yẹn, á sì sọ pé ó ti parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike yẹn kò ṣòro, òun gan-an ni mo ń kọ́ àwọn SS2. Ibi tí akọ àti abo ti fọwọ́ kan ara wọn, bí ó bá mọ́ tí ó sì le, iná á kọjá láìsí wàhálà. Bí omi bá wọ ibẹ̀, tí ó dípẹtà, tàbí tí abo bá dẹ̀, iná á máa tiraka kí ó tó kọjá, ìtiraka yẹn ló ń di ooru. Ká ní áńpíà 8 ló ń kọjá, tí ìdènà ibẹ̀ sì jẹ́ óòmù 0.1 péré. Láti mọ ooru rẹ̀, sọ 8 di púpọ̀ lọ́nà 8, 64 ni. Lọ́nà 0.1, wáàtì 6.4. Gílóòbù kékeré ẹ̀yìn ọ̀kadà, wáàtì 5 ni, ẹ ò sì lè fọwọ́ mú un tó bá ti tàn fún ìgbà díẹ̀. Ooru tó ju ìyẹn lọ ló wà nínú ike tí kò ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Ooru náà á wá mú kí idẹ abo rọ̀, kò ní lè di akọ mú mọ́, ìdènà á tún pọ̀ sí i, ooru á tún pọ̀ sí i. Bó ṣe ń yí po nìyẹn títí ike á fi yọ́.

Mo bi wọ́n léèrè bí omi ṣe débẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ hàn mí: wáyà náà ti òkè bọ̀ tààrà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní ibi tó tẹ̀ sísàlẹ̀ sí, nítorí náà gbogbo omi tó bá gba ara wáyà sọ̀kalẹ̀, inú ibẹ̀ ló ń já sí. Wọ́n tún ní omi alágbára tí àwọn tó ń fọ ọ̀kadà ń yìn sí abẹ́ síìtì ló ń ba wáyà jẹ́ ju òjò lọ. Láti òní lọ, garawa àti kànrìnkàn ni mo máa fi fọ tèmi.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì." Ìyẹn ni pé kí wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, kí wọ́n lọ́ wáyà mọ́ wáyà, kí wọ́n wé téèpù mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kadà tó ti pẹ́ lójú pópó tí kò ní dáírẹ́ẹ̀tì níbì kan lára. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní rárá. Wáyà tí a lọ́ mọ́ra, gbígbọ̀n ara ọ̀kadà ń tú u díẹ̀díẹ̀. Téèpù ń yọ́ nínú ooru, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi á sì wọ abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sì fẹ́ yọ rẹ́tífáyà, ó di dandan kó gé wáyà, tó bá gé e bí ìgbà mélòó kan, wáyà ò ní gùn tó mọ́. Èyí dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí mo ti rí ọ̀kadà tó ṣì lágbára tí wọ́n tà ní ẹ̀dínwó torí pé kò sí ẹni tó tún lè mọ ibi tí wáyà rẹ̀ gbà.

Wọ́n gbọ́. Wọ́n ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta wà nínú àpótí àwọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ máa pẹ́. Mo ní mi ò kánjú.

Wọ́n kọ́kọ́ tú orí nẹ́gátífù bátìrì. Wọ́n gé wáyà tó jóná, bàbà inú rẹ̀ dúdú. Wọ́n tún gé e sẹ́yìn, ó ṣì dúdú. Ìgbà tí bàbà pupa tó ń dán yọ ni wọ́n tó dúró. Wáyà ti kúrú nìyẹn, a ní láti fi kún un. Ọmọ iṣẹ́ lọ ra wáyà wá ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀ọ̀dá fi bíléèdì ha ojú rẹ̀, wọ́n gbé e sí oòrùn kí n wò ó: pupa lóde, funfun nínú. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn ní bàbà. Ó tètè ń ṣẹ́, kò sì lè gbé iná tó bàbà. Wọ́n ní kó lọ dá a padà, wọ́n wá gé wáyà tọ́kùnbọ̀ lára èyí tí wọ́n tú nínú mọ́tò àtijọ́ kan. Wọ́n ha òun náà: pupa délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí n kì bá rí kọ́ nínú ìwé nìyẹn.

Eyín tuntun ní apá méjì méjì. Apá kan ń di bàbà mú, apá kejì ń di èèpo wáyà mú kí gbígbọ̀n ọ̀kadà má bàa máa fa bàbà nìkan. Èyí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bọ̀ọ̀dá fi pílíásì tẹ méjèèjì, wọ́n fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, kò yẹ. Mo bi wọ́n bóyá ká fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ọn. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀dì ń mu wọ inú okùn bàbà, ó ń sọ ọ́ di gan-an-gan, ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá parí sí ni wáyà á ti ṣẹ́ bí ọ̀kadà bá ń gbọ̀n. Kí wọ́n tó ki abo wọnú ike, wọ́n ti eyín akọ bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fà á yọ, wọ́n ń fi ọwọ́ mọ bó ṣe dì í mú sí. Ọ̀kan dẹ̀ jù, wọ́n rọra fún un pọ̀. Wọ́n wá tì wọ́n wọlé títí ó fi dún "kó". Gírísì sílíkónì díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì tẹ wáyà wálẹ̀ kí omi lè kán dànù kó tó dé ojú ìsopọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi mítà tó ń dún wò ó bóyá iná ń kọjá. Mo ṣàlàyé fún un pé dídún yẹn lè tan èèyàn jẹ. Iná tí mítà fi ń dán an wò kéré gan-an, okùn bàbà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lè gbé e kọjá. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀ ni ká wọ̀n ọ́n: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná tàn, ẹsẹ̀ mítà kan lẹ́yìn akọ, ìkejì lẹ́yìn abo wáyà kan náà. Bó bá dára, ohun tí mítà á kà kò ní ju fóltì 0.1 tàbí 0.2 lọ. Tiwa ò tó 0.1 lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí bátìrì, 14.1 pẹ̀lú iná iwájú ní títàn.

Mo béèrè iye owó wọn. "Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní wá, Tíṣà. Mi ò kúkú ta nǹkan kan fún yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò títí mo fi délé. Bí wọ́n bá ta rẹ́tífáyà fún mi, mà á san owó rẹ̀ láìjanpata, nítorí mo rí i lójú. Ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n fi wá ibi tó ń dùn ún, ẹni púpọ̀ ni kì í fẹ́ sanwó fún ìyẹn. Kí ni ẹni tí a ò sanwó ìwádìí fún máa ṣe ju kó máa pààrọ̀ nǹkan lọ? Iye tí mo ti tọ́jú fún rẹ́tífáyà ni mo kà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀ ọ́, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà á, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀kadà ẹlẹgbẹ́ mi kan nílé ẹ̀kọ́ ń ṣe bákan náà gẹ́lẹ́, Gáàtì n'Ìbàdàn ló sì fẹ́ lọ ní Sátidé láti ra rẹ́tífáyà ní Àràrọ̀mí. Mo pè é ní alẹ́ yìí, mo ní kó gbé síìtì kó wo ibi tí wáyà yẹ́lò mẹ́ta ti pàdé kó tó wọkọ̀. Ó ní òun ò mọ ibẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la, kí aago ìpàdé òwúrọ̀ tó lù, a jọ máa ṣí i.